Àwọn Ẹrù Tí Súbérù Àdìó Gbé Jáde Kí Iná Tó Dé

Nígbà tí Súbérù Àdìó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó ń kọ́ òwò aṣọ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó ṣèèṣì gbé ẹrù obìnrin ará Takon kan fún obìnrin ará Yoko. Irú aṣọ kan náà ni wọ́n fi di ẹrù méjèèjì, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó gbé e ru obìnrin náà. Kò sí ohun tó sọnù. Ẹni tó ni ẹrù gbà á padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Àbúrò bàbá Súbérù ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Yoko lọ gbé ẹrù náà, kó sì ti ibẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé Takon. Nígbà tó padà dé, ó bi í pé:

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Bàbá."

"Kò pé. Obìnrin Yoko yẹn ti rí ohun tí obìnrin Takon kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Báwo lo ṣe máa gba ìyẹn kúrò lójú rẹ̀?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn Súbérù ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní Sakété, orí iná ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ń pè é ní Alájì Oníná. Kò di Alájì rí. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ jó, nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ní ó gba owó ńlá lọ́wọ́ òyìnbó, ó fi kọ́lé sí Èkó. Kò gba ohunkóhun. Bí a bá fẹ́ bú ènìyàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Sakété. Aṣọ ló ń tà: àǹkárá, aṣọ funfun, kákí fún àwọn ọmọ iléèwé. Ràúdátù ìyàwó rẹ̀ ń ta epo àtùpà ní ìgò ìgò níwájú ìsọ̀ náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá sí fún wọn, Ṣàkírátù, tó ti wà nílé ọkọ ní Àjàṣẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe aṣọ nìkan ló mú kí àwọn ará oko mọ̀ ọ́n. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà, àpótí igi ńlá kan wà nínú yàrá náà, inú àpótí yìí ló sì ń kó ohun tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ sí. Àwọn Mùsùlùmí ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àmánà. Àwọn tó ń gbé e wá kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan. Àgbẹ̀ tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó ní ń gbé e wá láti Issaba. Obìnrin tí orogún rẹ̀ máa ń tú ẹrù rẹ̀ ń gbé e wá láti Pobè. Bí wọ́n bá dé, olóhun yóò di ìdì rẹ̀ fúnra rẹ̀, Súbérù yóò so òwú aláwọ̀ kan mọ́ ọn lójú rẹ̀, ó parí. Kì í tú u, kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í dárúkọ olóhun fún ẹlòmíràn. Ràúdátù pàápàá kò ní kọ́kọ́rọ́ àpótí náà.

Láti Àjàṣẹ́ ni asúráńsì ti dé bá a. Ilé òwò tó ń kó aṣọ fún un láwìn sọ, lọ́dún tó tẹ̀lé òmìnira Dàhòmì, pé oníbàárà tí kò bá ní asúráńsì iná kò ní í rí aṣọ gbà mọ́. Wọ́n là á yé e. Yóò máa san owó díẹ̀ lọ́dọọdún fún ilé iṣẹ́ kan ní Kútọnu. Bí iná bá jó ìsọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà yóò san iye ọjà tó jóná fún un, àfi bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló tiná bọ̀ ọ́. Lèmọ́mù àdúgbò kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹni tó ń sanwó nítorí iná tí kò tíì jó dà bí ẹni tó ń ránṣẹ́ pè é. Súbérù sanwó. Aṣọ ló fẹ́ tà.

Lọ́dún 1963, lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, ó sọ fún Ràúdátù pé òun ń lọ sí Mẹ́kà. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ pamọ́. Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ kì í sì í ṣàdédé gbéra lọ síbẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò dá a padà, torí ó lè kú sọ́nà. Yóò tún lọ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, yóò ní kí wọ́n dárí ohun tí òun ti ṣẹ̀ wọ́n jì òun, èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Súbérù ṣe. Ní àṣálẹ́, bó bá ti kírun Màgàrúbà tán, yóò gbé ẹrù kan jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀, yóò dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sì gun kẹ̀kẹ́ lọ. Àṣálẹ́ ló yàn nítorí pé àwọn tó ni ẹrù kò fẹ́ kí ojú rí i.

Ládiípọ̀ aránṣọ, tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ ti Súbérù, wà lára àwọn tí Súbérù lọ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n Súbérù, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ mí?" Ládiípọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Àbí kákí tẹ́ ẹ tà fún mi tó sún kì lẹ̀ ń sọ?"

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Fi jì mí."

"Ṣòkòtò ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ṣándáàmù ni mo fi rán o! Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gun dé orúnkún rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó tì mí mọ́lé." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Mo ti fi jì yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà bá mi bu omi Sámúsámù bọ̀."

Ẹrù tó kù kẹ́yìn nínú àpótí náà jẹ́ ti obìnrin kan ní Pobè tó ń jẹ́ Victorine, ìyàwó Fádèyí gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọkọ rẹ̀ kì í sí nílé ní Ọjọ́bọ̀, nítorí náà ni Súbérù fi wọ ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ náà. Ó ti ìsọ̀ pa kó tó lọ. Ràúdátù náà ti lọ kí ará ilé rẹ̀ kan tó bímọ.

Oṣù kẹta ni, òjò àkọ́kọ́ kò tíì rọ̀, ewé orí òrùlé gbẹ débi pé ó ń dún bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ọ̀sán ni iná náà sọ. Kí àwọn ènìyàn tó fa omi kànga dé ibẹ̀, epo Ràúdátù ti gbiná, kò sì sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn mọ́. Ibi tí iná náà ti wá, a kò mọ̀. Àwọn kan ní obìnrin ọlọ́ṣẹ kan ń fi èèpo ẹ̀kùrọ́ dáná lẹ́yìn ilé, pé ẹ̀ta iná ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbé wá. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ gbé Súbérù dé, èrò ti kún iwájú ìsọ̀ náà. Ràúdátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ṣé ẹnì kankan kú?" Súbérù bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Àpótí ńkọ́?"

"Ó jóná, Bàbá Ṣàkírátù. Gbogbo ẹ̀ ló jóná."

Súbérù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Àlùhámúdù lílááhì! Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ jáde."

Lójú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ti aṣọ tirẹ̀ tó jóná kò tíì yé e. Àwọn tó dúró níbẹ̀ kò mọ ìyẹn. Ọkùnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ di eérú ni wọ́n rí, tó ń dúpẹ́ pé òun ti kó ẹrù jáde. Àwọn kan wo ara wọn lójú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà.

Aṣojú ilé iṣẹ́ asúráńsì wá láti Kútọnu. Séverin lorúkọ rẹ̀, ọmọ Dàhòmì ni, kì í ṣe òyìnbó. Èdè Gún, ìyẹn Ègùn, ló fi bá Súbérù sọ̀rọ̀, Súbérù sì gbọ́ Gún bí ẹni tó mu ún lọ́mú, nítorí náà kò sí ògbufọ̀ láàárín wọn. Àwọn tó ń sọ pé ògbufọ̀ ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ṣàṣìṣe. Séverin kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rí oníṣòwò tó sun ìsọ̀ ara rẹ̀ rí, ó mọ àmì wọn, gbogbo àmì náà ló sì bá lára Súbérù. Ó ti kọ́kọ́ lọ bá Ládiípọ̀. Ládiípọ̀ kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ pé òun rí ẹrù tó ń jáde ní àṣálẹ́, léraléra, kí iná tó jó.

Níwájú ilé Súbérù ni àwọn méjèèjì jókòó sí.

"Mùsíyé Àdìó, ẹ kó ẹrù jáde kí iná tó jó."

"Mo kó o jáde. Ẹrù ẹlẹ́rù ni."

"Àwọn wo ló ni ín?"

"Àwọn tí mo dá a padà fún."

Séverin rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dára. Ẹ tún lọ láti ilé dé ilé, ẹ ń tọrọ ìdáríjì. Ẹni tí kò ṣẹ̀, kí ló ń tọrọ ìdáríjì sí?"

"Mẹ́kà ni mò ń lọ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹ bi Lèmọ́mù."

"Mo ti bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń ṣe é lóòótọ́. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ni ẹrù. Ẹ wò ó, n kò tíì pè yín ní òpùrọ́. Àwọn ọ̀gá mi ní aṣọ tó dára jù nínú ìsọ̀ lẹ kó jáde, pé àlòkù lẹ fi sílẹ̀ fún iná. Ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ lọ bá ní Pobè lọ́jọ́ tí iná jó. Kí ẹni náà wá sọ pé, 'Èmi ni mo gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà.' Ó tán. Èmi fúnra mi ni màá gbèjà yín."

Súbérù wo ilẹ̀.

"N kò lè sọ."

"Ẹ kò lè sọ, àbí ẹ kò fẹ́ sọ?"

"Méjèèjì."

Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà wá dúró sí. Bí Súbérù bá dárúkọ Victorine, owó rẹ̀ yóò jáde, orúkọ rẹ̀ yóò mọ́, yóò sì lọ sí Mẹ́kà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, adánásunlé ni yóò máa jẹ́. Ilé iṣẹ́ náà fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ṣándáàmù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ agbègbè náà. Ohun kan náà ni àwọn yẹn bi í, èsì kan náà ló sì fún wọn.

Ìlú gbọ́ pé ó lọ sí Pobè, kò sì fẹ́ sọ ẹni tó lọ bá. Kí ni ìlú fẹ́ rò? Nídìí kànga, àwọn obìnrin máa ń dákẹ́ bí Ràúdátù bá ti yọ. Ó mú un mọ́ra títí, kó tó di pé ó ṣí i sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá Ṣàkírátù, ṣé obìnrin ni?"

"Obìnrin ni."

Ràúdátù gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kò parọ́ fún mi."

"Kì í ṣe bí o ṣe rò ó."

"Kí ni mo rò? Ẹ sọ ọ́, kí èmi náà lè mọ ohun tí mo rò."

"Àmánà ni."

"Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún èmi nìkan. Kò ní í jáde lẹ́nu mi. Mo fi ọmọ mi búra."

"Ìyá Ṣàkírátù, ká ní ẹrù tìrẹ ni, ṣé wàá fẹ́ kí n sọ ọ́ fún ìyàwó oníyàwó?"

"Ṣé ìyàwó oníyàwó ni mo wá jẹ́ báyìí?" Ó dìde. "Epo mi jóná, ojú ń tì mí nídìí kànga, ẹ wá jókòó, ẹ̀ ń pa àlọ́ fún mi."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá a sọ ju ohun tó jẹ mọ́ oúnjẹ àti omi.

Victorine fúnra rẹ̀ wá sí Sakété. Ó ṣe bí ẹni tó wá ra iyọ̀ lọ́jà, ó fa gèlè bo iwájú orí, ó sì gba ẹ̀yìn ilé wọlé bá Súbérù nígbà tí Ràúdátù kò sí nílé. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní agbo ilé Fádèyí, obìnrin tó bá ní ẹrù nípamọ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé ọkọ rẹ̀ ti kọ ọkọ náà sílẹ̀ lójú tiwọn. Wọ́n á ní ó ti kó lọ, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Wọ́n á lé e kó bá ẹrù rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ á sì kù sílẹ̀. Victorine ní ọmọbìnrin kan tó bí fún ọkọ àárọ̀ rẹ̀, ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Nítorí ọmọ yìí ló ṣe ń kó nǹkan díẹ̀ díẹ̀ pamọ́. Kò ní in lọ́kàn láti kọ Fádèyí.

"Bàbá Ṣàkírátù, wọ́n ní ẹ fẹ́ dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ wá bá ní Pobè."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ọjà ni. Wọ́n ní bẹ́ ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n á fi ipá gbà á lẹ́nu yín." Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bí Fádèyí bá gbọ́, ìta ni màá sùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ mi á kù sọ́wọ́ orogún mi. Ẹ ti rí obìnrin yẹn ná?"

"Dìde, kí wọ́n má baà rí ọ."

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Ìlérí wo lo tún ń béèrè? Ọjọ́ tí mo gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ ni mo ti ṣe é."

"Ọlọ́run á san án fún yín."

"Àmín. Àwọn ilé òwò Àjàṣẹ́ ni kì í gba tỌlọ́run."

Victorine rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀yìn ilé ló tún gbà jáde.

Ẹnì kan wá tí Súbérù kò ránṣẹ́ pè. Ògúnṣínà ni, àgbẹ̀ arúgbó kan láti Issaba, ẹlẹ́sìn àwọn baba rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yà sí Sakété bí kò bá nídìí. Ó gbé ẹrù kan rù, ó wọ ọ́fíìsì àwọn ṣándáàmù lọ lọ́jọ́ tí Séverin àti Súbérù wà níbẹ̀. Kò jókòó. Ìwọ̀nba Gún tó gbọ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni ọmọ Kútọnu tó ń wá ẹni tó gba ẹrù? Èmi rèé. Súbérù ló gbé èyí wá fún mi lẹ́yìn àwẹ̀ wọn."

"Bàbá, ẹ má tú u," Súbérù bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá.

"Dákẹ́. Ṣé tìrẹ ni?" Ó tú ìdì náà. Aṣọ funfun ni, aṣọ òkè tí wọ́n ká dáadáa. "Aṣọ òkú mi nìyí. Bí mo bá fi sílé, àwọn ọmọ mi á fi gbéyàwó kí n tó kú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fi pamọ́ sí."

Séverin dìde dúró. Ó wo aṣọ náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù kan nìyẹn, ẹrù tí wọ́n rí tó jáde sì pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà lọ́jọ́ tí iná jó?"

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Oko ni mo wà. Àbí èmi ni ìyàwó rẹ̀ ni, tí màá fi mọ ibi tó wà?"

Àwọn ṣándáàmù bú sẹ́rìn-ín. Ògúnṣínà wò wọ́n títí ẹ̀rín náà fi tán.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo tú aṣọ òkú mi sílẹ̀ lójú ọmọdé, ẹ ní kò tó. Kí lẹ fẹ́ kí n tún ṣe? Kí n sùn sínú rẹ̀?"

Ó di ẹrù rẹ̀ padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rẹ̀ dé Issaba. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi í ohun tí wọ́n ṣe fún un tó fi ń fi aṣọ pamọ́ fún wọn sọ́dọ̀ àjèjì. Àwọn yòókù tó ní ẹrù lọ́dọ̀ Súbérù gbọ́ ohun tí ojú bàbá náà rí. Kò sí ẹni tó yọjú mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá àwọn ṣándáàmù sọ pé ẹjọ́ náà ń lọ síwájú adájọ́ ní Àjàṣẹ́. Níbẹ̀, Súbérù yóò fi Kùránì búra kó tó sọ̀rọ̀, adájọ́ yóò sì bi í léèrè ibi tó wà àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Súbérù tọ Lèmọ́mù lọ.

"Bí mo bá fi Kùránì búra pé màá sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀, ṣé mo lè fi ọ̀kan pamọ́ níbẹ̀?"

"Báwo lo ṣe fẹ́ fi í pamọ́? O ti búra."

"Bí mo bá kọ̀ tí n kò búra ńkọ́?"

"Wọ́n á ní o jẹ̀bi ni." Lèmọ́mù fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Súbérù, dárúkọ ẹni náà. Kì í ṣe ìwọ lo fẹ́ tú àṣírí, ìjọba ló fi ipá mú ọ."

"Ẹni tó gbé ẹrù fún mi kò gbé e fún ìjọba."

Ọ̀nà kan ló kù. Séverin ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ilé iṣẹ́ òun lè dá ẹjọ́ náà dúró bí Súbérù bá fọwọ́ sí ìwé pé òun kò béèrè owó mọ́. Súbérù ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí Séverin dé, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ lé e kí Súbérù má tíì fà á.

"Mùsíyé Àdìó, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí èyí, gbogbo ayé á ní ẹ ti jẹ́wọ́."

"Ṣé ìwé náà sọ pé mo jẹ́wọ́?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó dárúkọ ẹlòmíràn?"

"Orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

Gbogbo ayé sì ní ó jẹ́wọ́. Ilé òwò Àjàṣẹ́ gba ilé rẹ̀ àti ilẹ̀ ibi tí ìsọ̀ wà nítorí aṣọ tó gbà láwìn. Owó Mẹ́kà náà bá a lọ, nítorí pé ẹni tó jẹ gbèsè kì í fi owó olówó ṣe Háàjì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n di Alájì. Ìgbà náà ni àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun náà ní Alájì Oníná. Àwọn kan nínú àwọn tó gba ẹrù wọn padà ní pípé wà lára àwọn tí ẹnu wọn dún jù, kí ìlú má baà fura pé wọ́n ní ohunkóhun lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. N kò ní í dárúkọ rẹ̀.

Ràúdátù lọ sọ́dọ̀ Ṣàkírátù ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ní ó kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ń lọ wo ọmọ òun, kò sì padà.

Súbérù ń sùn ní yàrá kan nílé Lèmọ́mù títí ọdún náà fi parí. Ó máa ń bá àwọn aláṣọ ká aṣọ lọ́jọ́ ọjà, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó wà nínú ìsọ̀ ní òun nìkan. Ládiípọ̀ wá bá a lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Mo mọ̀. O kò parọ́."

"Ẹ ò ṣe bú mi?"

"Kí ni kí n torí ẹ̀ bú ọ?"

Ládiípọ̀ dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, kí òjò tó dé, Súbérù kí Lèmọ́mù pé ó dàárọ̀, ó sì bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ sí ìhà Nàìjíríà.

Fádèyí kú ní ọdún 1966. Nígbà tí Victorine ṣe opó rẹ̀ tán, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Sakété, ó dúró níwájú ìsọ̀ Ládiípọ̀, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọ̀dọ̀ òun ni Súbérù wà lọ́jọ́ tí iná jó, pé òun gba ẹrù òun lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun ló bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ yìí. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní Súbérù ló rán an. Ó lọ sí Kútọnu. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé Séverin kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́, pé olóhun ti fọwọ́ sí ìwé, ẹjọ́ ti parí.

Ó lọ sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú, ó lọ kúnlẹ̀ fún Ràúdátù. Ràúdátù gbọ́ ọ títí dé òpin, kò sọ fún un pé kó dìde.

"Kí ló wà nínú ẹrù náà?"

"Aṣọ ìyá mi ni. Pẹ̀lú yẹtí kan, fún ọmọ mi."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Ìyá."

Ràúdátù yíjú sí ògiri. Ó béèrè bóyá Victorine mọ ibi tí ọkọ òun wà. Victorine kò mọ̀.

Ohun tí a mọ̀ nípa Súbérù kò pọ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ará Sakété kan rí i ní Màídúgùrì, lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń gba orí ilẹ̀ lọ sí Mẹ́kà máa ń gbà, ní òpin ọdún 1965. Ó ń gbé ní àdúgbò àwọn Yorùbá lẹ́yìn ọjà ibẹ̀, ó ń rán àpò tí wọ́n ń kó ẹ̀pà sí.